Ìwádìí Tí Mo Ṣe sí Oyè Strathorran

Conyers, ní Georgia,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Gbémi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé bí mo bá wà níwájú yín, ẹ ó ní kí n tètè dìde, pé eegun ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé ooru kò pọ̀ jù ní Ìkirè?

Ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá. Láti ọdún mẹ́fà tí Déolú ọmọ mi ti ṣaláìsí, Péjú ìyàwó rẹ̀ kò fi mí sílẹ̀ fún ìyà. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ wá wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó wú, kí ó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà yín. Tiwa ọmọ wọn, tí ẹ pọ̀n nígbà tí wọ́n mú un wá sílé lọ́mọ ọdún méjì, ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì ti mú ọkọ wá. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ má bínú pé n kò pè yín lórí fóònù. Gbémi ni ó máa ń bá yín tẹ fóònù yín, ohun tí Gbémi bá sì gbọ́ ní àárọ̀, wọn yóò ti gbọ́ ọ ní Lagos kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ wá sílé wá sìnkú àbúrò rẹ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

John Lorrimer ni orúkọ ọmọ náà. Òyìnbó Scotland ni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Fairburn. Ìwà rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Bí a bá fún un ní ọbẹ̀ wa, yóò jẹ ẹ́ títí omi yóò fi máa bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní gbà pé ata ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bi í pé ta ni àwọn bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun ti kú, pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni Ẹ́ẹ̀lì ti Strathorran. Mo bi Tiwa pé kí ni Ẹ́ẹ̀lì.

Ó ní, “Oyè ni, Grandpa. Ó dà bíi baálẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìlú.”

John ní, “Kò ní òrùlé náà. Ó ń jò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọmọ fún ilé tí a kò bá wádìí. Bí bàbá wa ti ṣe sí gbogbo ẹni tí ó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo pinnu láti ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí n kò lè rin ìrìn àjò lọ sí Scotland, mo lọ sí ilé ìkàwé Conyers. Obìnrin tó wà níbẹ̀ bá mi wá ìwé kan tí ó ní ìtàn gbogbo oyè ilẹ̀ wọn. Ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Mo fi awò tí ń mú lẹ́tà tóbi kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọdún 1633 ni ọba wọn dá oyè Strathorran sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ ẹ́ yà mí lẹ́nu. Kò sí afọbajẹ, kò sì sí pé ilé wo ni ó kàn. Bí bàbá bá ti mí èémí ìkẹyìn, oyè ti bọ́ sórí àkọ́bí ọkùnrin. Ẹnì kẹta nínú wọn jẹ ẹ́ nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọ oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹnì karùn-ún nínú wọn gbé ogun ti ọba rẹ̀ ní 1745. Wọ́n mú un. Ní ọdún kejì, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní gbangba ní London, wọ́n sì fi òfin pa oyè náà rẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ibi tí mo kà dé nìyẹn tí mo fi pa ìwé náà dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ẹnu àwọn ará ilé. Wọn yóò ní Nathaniel mú ọmọ olóògbé Déolú, ó fi í fún ìdílé ọ̀dàlẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ́ni lórí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ni wọ́n dá pé àwọn ẹbí yóò wá tọrọ Tiwa. Èmi tí mo dúró ní ipò bàbá rẹ̀ ni wọn yóò bi bóyá mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Péjú ti bi mí ohun tí ó ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sọ pé ẹsẹ̀ ni.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Gbémi.

Èmi ni, àbúrò yín tí ó máa ń jí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yín kà,
Nathaniel Bámgbóyè.


Ìkirè,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Bàbá Déolú,

Mo kí ọ, mo sì kí Péjú, ẹni tí a kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Orúnkún mi ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni ìwé rẹ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, nítorí ìyá tí o fi rán dúró ní Lagos lẹ́yìn ìsìnkú. Gọ́ọ̀mù rẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ya etí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe olùkọ́, nítorí náà, jẹ́ kí n bi ọ́ bí olùkọ́: ṣé o ka ìwé náà tán? Ẹni tí ó dé ibi tí ìtàn ti bà á lẹ́rù, tí ó sì pa ìwé dé, kò tíì kàwé.

Ẹ̀wẹ̀, ìwádìí tí bàbá wa ń ṣe, ẹsẹ̀ ni ó fi ń ṣe é. Yóò lọ jókòó ti àwọn aládùúgbò ilé náà. Yóò bá wọn mu ẹ̀kọ, yóò bá wọn sọ̀rọ̀ òjò, títí wọn yóò fi la ẹnu. Ìwọ ní ọmọ náà lábẹ́ òrùlé rẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìwé ni o lọ ń bi léèrè. Bi í. Bí ó bá ní ìyá, bi ìyá rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ ni o ní kí a má lo fóònù. Ní 1964, nígbà tí àwọn ará ilé Bàbá Gbémi wá wádìí nípa mi, ọ̀dọ̀ Baálé Bámgbóyè àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé a kò bí bàbá wa sí agboolé náà. Àlejò ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí àjàkálẹ̀ àrùn pa ìyá àti bàbá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà Baálé. Wọ́n bi Baálé pé, “Ọmọ ta ni bàbá ọmọbìnrin yìí?” Ó ní, “Ọmọ mi ni.” Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu kọjá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí délé ọkọ. Ẹni tí a bò láṣírí kì í yára tú ti ẹlòmíràn.

Dá mi lóhùn kíákíá.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eunice.


Conyers,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2024.

Ìyá Gbémi,

Mo kí yín. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti kọ̀wé, n kò gbọ́ ohunkóhun láti ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Olúkáyọ̀dé ọmọ àbúrò wa pe Péjú láti Lagos. Mo wà nídìí tábìlì pẹ̀lú Tiwa, ohùn fóònù sì ń jáde síta, àfi bí ó ti ní, “Ìyàwó wa, ṣé òótọ́ ni pé ilé tí Tiwa ń lọ, ṣe ni wọ́n máa ń bẹ́ orí ara wọn?” Péjú rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Daddy, kí ni ẹ mọ̀ tí èmi kò mọ̀?”

N kò lè parọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Tiwa dìde. Ó ní, “Grandpa, ẹ lọ ń investigate John bíi police? Níbi tó ti ń bá yín jẹun? Ẹ kàn lè bi í.” Kò bú mi, kò sì gbé ohùn sókè. Ó kó abọ́ tèmi pẹ̀lú tirẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà ni John kò ti yọjú mọ́. Èmi náà kò jẹun yó mọ́.

Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Mo bẹ̀ yín, mo sì dárúkọ ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ sọ fún. N kò mọ̀ pé ó ṣe é ṣe kí ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú yín di ohun tí Olúkáyọ̀dé yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ní ìdí kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Nathaniel.


Ìkirè,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2024.

Bàbá Déolú,

Mo rí ìwé rẹ kejì gbà. Ìdáhùn mi sí èkínní wà lójú ọ̀nà, yóò sì bá ọ níbẹ̀.

Ìwé rẹ àkọ́kọ́ wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ tí mo ní kí wọ́n fi sin mí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí mi bí mo ti ń kọ èyí. Gbémi béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ ló wú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rán oògùn ìfipara sí ọ lọ́kàn.

Kò dùn mí pé o fura sí mi. Ó dùn mí pé o kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé, níbi tí a kò ti lè gbà á padà.

Nísinsìnyí, jókòó, kí o dá ara rẹ lóhùn: ta ni o bá gbàdúrà? Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Ohun tí ẹnu rẹ kò bá lè sọ fún ènìyàn, Ọlọ́run ni o máa ń sọ ọ́ fún, o sì máa ń sọ ọ́ sókè.

Eunice.


Conyers,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì ní dìde títí ẹ ó fi ka ìwé yìí tán.

Èmi ni. Ẹgbẹ́ àdúrà kan wà tí a máa ń ṣe lórí fóònù ní àárọ̀, Alàgbà Oyèníran tí ń gbé ní Morrow ni olórí rẹ̀. Nínú oṣù Kẹta, ó bi wá pé ta ni ó ní ẹrù lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan tí ó fẹ́ wọ ìdílé tí wọ́n ti bẹ́ bàbá wọn lórí. Mo rò pé mo ti fi ọgbọ́n bò ó. Lẹ́yìn àdúrà, Alàgbà pè mí padà, ó ní òun fẹ́ dárúkọ ọmọ náà níwájú Olúwa kí àdúrà lè rí ibi tẹsẹ̀ mọ́. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àbúrò Alàgbà àti Olúkáyọ̀dé ń lọ ní Lagos. Ẹ wò ó, èmi tí mo ń sá fún ẹnu, ẹnu tèmi náà ló tú mi. Ẹ dárí jì mí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Péjú, Tiwa àti John pẹ̀lú, John sì ti padà ń wá. Péjú ní, “Daddy, ẹ jẹun ná.”

Bridget, ìyá John, ti dé láti Scotland. Opó ni bíi Péjú. Lánàá ni òun, John, Tiwa àti èmi jókòó. Mo rántí pé ẹ ní kí n bi wọ́n. Mo ní kí Tiwa túmọ̀ rẹ̀ fún un pé ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí yẹn, kí ni ó jẹ́ sí wọn.

Tiwa ní, “Grandpa, mi ò lè bi wọ́n bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Bi wọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.”

Ìyá náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ó ní, “Ẹni yẹn? Kò jẹ́ nǹkan kan sí wa. Àwọn Strang ni ìyẹn.” Ó wá là á yé mi pé ìran Strang ni ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà, pé nígbà tí òfin pa á rẹ́, kò sí Ẹ́ẹ̀lì Strathorran kankan fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní 1822, ọba mìíràn tún oyè náà dá, orúkọ kan náà, ó sì fún sójà kan tí ó ń jẹ́ Robert Lorrimer. Ẹ̀jẹ̀ kò pa òun àti àwọn Strang pọ̀.

Mo ní, “Ṣé oyè lè jáde kúrò nínú ìdílé bọ́ sí ìdílé mìíràn?”

Ó ní, “Bí ọba bá fẹ́. Atukọ̀ odò ni bàbá Robert. Títí Robert fi kú, àwọn aládùúgbò kò pè é ní Ẹ́ẹ̀lì. Robbie Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi, àṣìṣe mi nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé tó ni oyè ló ni ín. Bí mo ti rí Strathorran nínú ìwé báyìí, mo ti ka gbogbo ẹni tí ó jẹ ẹ́ sí bàbá John. Mo rí Strang níbi tí ó yẹ kí n rí Lorrimer. Mo rò pé bí ọmọ ilé kan ṣe lè máa jẹ́ orúkọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín wa ni. Mo padà sí ilé ìkàwé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, nígbà tí ìwé yín ti bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, n kò lè wọlé. Ọjọ́ Ajé ni n ó lọ ṣí i. Mo mọ̀ pé ojú ìwé tó kàn gan-an ni.

Kò parí síbẹ̀. Ìyá John wò mí, ó ní, “Mo ti sọ ti Robbie Ọlọ́kọ̀ fún yín. Ta ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé yín?” John náà yíjú sí mi. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi yà á. Mo sọ pé bàbá wa kì í ṣe ọmọ bíbí Bámgbóyè. Mo sọ nípa àjàkálẹ̀ àrùn àti ẹnu ọ̀nà Baálé. Ohun tí n kò sọ fún Déolú títí ó fi kú, mo sọ ọ́ fún òyìnbó níwájú Tiwa ọmọ rẹ̀. Péjú ti jáde láti ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí ohun tí wọn yóò sọ.

Ìyá John ní, “Baálé yẹn, ṣé ẹ ráyè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú?”

Mo ní rárá. Ẹ̀rù ni mo fi ń rántí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe ọpẹ́.

Àbúrò yín tí kò yẹ,
Nathaniel.


Conyers,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi yọ̀. Wọ́n ti tọrọ Tiwa.

Yàrá àlejò Péjú ni a lò, a kò pé ogún. John dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde, títí Tiwa fi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?”, mo ní, “Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi sí i.” Mo tún un sọ kí gbogbo ilé lè gbọ́. Péjú di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n má baà rò pé a ń tà á ní gbàǹjo.

Alàgbà Oyèníran wá, èmi ni mo pè é. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Bàbá, ti bíbẹ́ orí yẹn ńkọ́?” Mo ní, “Alàgbà, ìdílé mìíràn ni. Bí ẹ bá sì ń sọ ọ́ kiri, ẹ fi kún un pé àlejò ni bàbá Nathaniel. Ẹ sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni tí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ti ń kọ ọ́, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Ẹ ṣeun pé ẹ tì mí. Ẹ ṣeun fún àpótí yín, àti fún gbogbo ọdún tí ẹ ti ń bo ohun tí èmi yóò ti tú fún Alàgbà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Àwọn ará ilé John ní ìwé kan tí orúkọ àwọn bàbá wọn wà nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí atukọ̀ náà. Tiwa ní kí n kọ tiwa sí iwájú Bíbélì tí ó fẹ́ gbé lọ ilé ọkọ. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ Déolú, mo kọ tèmi. Mo dé orí bàbá wa, mo sì dúró. Orúkọ Bámgbóyè ni Baálé fún un. Ẹ̀yin nìkan ni ó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún, nígbà tí ó ń kú lọ. N kò bi yín rí, nítorí n kò fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí.

Àbúrò yín,
Nathaniel.


Ìkirè,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 2024.

Àbúrò mi, Bàbá Déolú,

O ṣeun. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń retí kí o béèrè.

Ọláníyọnu ni. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Àkànbí, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Abúlé wọn kò sí mọ́, igbó ti gbà á, nítorí náà má wá a lórí máàpù. Bàbá wa dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ní kí n má jẹ́ kí wọ́n sọnù. N kò kọ wọ́n sílẹ̀ rí. Àràárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n lábẹ́ ahọ́n kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n má baà gbàgbé. Ara mi ti ń di ara àgbà, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.

Kọ ọ́ báyìí: Ọláníyọnu, tí Baálé Bámgbóyè gbà sílé. Fi Baálé síbẹ̀, nítorí a jẹ ẹ́ lọ́pẹ́. Má kọ ọ́ tín-ín-rín sí etí ìwé bí ẹni tí ó ń tọrọ àyè. Àárín ojú ìwé ni kí o kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọwọ́ tí o fi kọ orúkọ tìrẹ. Bí o bá ti kọ ọ́ tán, kọ̀wé sí mi pé o ti kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, n ó máa dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eunice, ọmọ Ọláníyọnu.